Àríyànjiyàn lórí Ààbò Ètò Ìdarí Kọ̀ǹpútà

Ètò ìdarí ni ó ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ètò yòókù inú kọ̀ǹpútà, òun náà ni ó sì ń pinnu ẹni tí ó lè wọlé àti ohun tí onítọ̀hún lè fọwọ́ kàn. Ilé-iṣẹ́ a máa ta òmíràn kí ó sì fi kóòdù rẹ̀ pamọ́, bíi Windows ti Microsoft. Òmíràn wà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti kà, bíi Linux, tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki, gbé jáde ní 1991. Èwo nínú méjèèjì ni ó ní ààbò jù?

Ìbéèrè náà dàgbà ju kọ̀ǹpútà lọ. Ní 1883, Auguste Kerckhoffs kọ ọ́ pé ọ̀nà ìkọ̀wé àṣírí tí ó dára kò gbọdọ̀ bàjẹ́ bí ó tilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni ó yẹ kí a fi pamọ́. Ní 1997, Eric Raymond ṣàlàyé pé níbi tí òǹkàwé kóòdù bá ti pọ̀, ẹnìkan yóò tètè rí àlébù inú rẹ̀. Àwọn alátakò fèsì pé olè náà mọ̀wé kà.

Ní 19 oṣù Keje 2001, kòkòrò Code Red wọ inú kọ̀ǹpútà tí ó lé ní 359,000 láàárín wákàtí 14, láti inú àlébù kan nínú IIS ti Microsoft. Àwọn alátìlẹ́yìn Linux fi í ṣe ẹ̀rí, ṣùgbọ́n Microsoft ti gbé àtúnṣe jáde ní oṣù tí ó ṣáájú. Ọ̀pọ̀ oníkọ̀ǹpútà ni kò lò ó. Síbẹ̀, ní oṣù Kìíní 2002, Bill Gates kọ̀wé sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n fi ààbò ṣáájú àfikún tuntun.

Ní apá kejì, OpenBSD, tí Theo de Raadt bẹ̀rẹ̀ ní Kánádà ní 1995, kéde pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ihò tí ará ìta lè gbà wọ inú ètò náà bí wọ́n ṣe ń fi í ránṣẹ́. Ní oṣù Kẹfà 2002, ìkéde náà di ihò kan. Ní 2007, ó di méjì. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń fi í ránṣẹ́, ìwọ̀nba iṣẹ́ díẹ̀ ni ètò náà ń ṣe. Ilé onílẹ̀kùn kan rọrùn láti ṣọ́. Ẹni tí ó bá la mẹ́wàá sí i kò lè fi ìkéde yẹn yangàn mọ́.

Ọ̀rọ̀ Debian, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dà Linux tí ó gbajúmọ̀, ni ó wúwo jù. Ní 2006, olùtọ́jú kan yọ ìlà kóòdù díẹ̀ kúrò nínú OpenSSL, nítorí pé irinṣẹ́ àyẹ̀wò kan ń ṣàròyé nípa wọn. Kò mọ̀ pé ìlà wọ̀nyí ni ó ń pèsè àwọn nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ ṣáájú, èyí tí a fi ń rọ kọ́kọ́rọ́ àṣírí. Láti ìgbà náà, iye kọ́kọ́rọ́ tí oríṣi kọ̀ǹpútà kan lè rọ ní ìwọ̀n kan kò ju bí 32,768 lọ. Olè lè rọ gbogbo wọn sílẹ̀, kí ó máa dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún 2 tí kóòdù náà fi wà ní gbangba kí Luciano Bello tó rí àlébù náà, tí a sì kéde rẹ̀ ní 13 oṣù Karùn-ún 2008. Àtúnṣe ètò nìkan kò tó: gbogbo kọ́kọ́rọ́ tí a ti rọ láàárín ìgbà náà di ohun tí a ní láti sọ nù. Gbogbo ayé ni ó láṣẹ láti ka kóòdù yẹn, ṣùgbọ́n àṣẹ àtikà yàtọ̀ sí kíkà.

Ní oṣù Kẹta 2024, a rí ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ nínú xz, ètò kékeré tí ọ̀pọ̀ ẹ̀dà Linux fi ń fún fáìlì pọ̀. Ẹni tí ó fi í síbẹ̀ ti fi ọdún tí ó lé ní 2 ṣe bí olùrànlọ́wọ́ olóòótọ́. Andres Freund ni ó tú àṣírí rẹ̀, nítorí ó ṣàkíyèsí pé ìwọlé sí kọ̀ǹpútà kan ń fi bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Kóòdù gbangba ni ó jẹ́ kí ó lè tọpa rẹ̀ dé ìdí. Òṣìṣẹ́ Microsoft sì ni Freund.