Iye Owó Ìtọ́jú ní Àwọn Ilé Ìwòsàn Amẹ́ríkà

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, iṣẹ́ kan náà tí dókítà kan náà ṣe nínú yàrá kan náà lè ní iye owó mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹni tí yóò sanwó ló ń pinnu èyí tí wọn yóò gbà: bóyá ìjọba àpapọ̀ ni, lábẹ́ ètò Medicare, bóyá ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni, tàbí aláìsàn fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò ní alágbàwí tó máa bá a dúnàá dúrà ni wọ́n sábà máa ń di ẹrù tó wúwo jù lọ lé lórí. Lọ́jà wa náà, kì í ṣe iye kan náà ni gbogbo oníbàárà ń san, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbé iṣu relé láìgbọ́ iye rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ènìyàn a gba ìtọ́jú tán, a padà sílé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ìwé owó yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn.

Lọ́dún 1929, ilé ìwòsàn Baylor ní ìlú Dallas bá àwọn olùkọ́ ṣàdéhùn pé kí olúkúlùkù máa san 50 sẹ́ǹtì lóṣù, kí ó lè lo ọjọ́ 21 lórí bẹ́ẹ̀dì bí àìsàn bá dé. Ibẹ̀ ni ètò adójútòfò ìlera Blue Cross ti ṣẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba kò jẹ́ kí àwọn agbanisíṣẹ́ fi kún owó oṣù bó ṣe wù wọ́n. Adójútòfò ìlera ni wọ́n wá fi ń fa òṣìṣẹ́ mọ́ra, bí ìtọ́jú ara ṣe so mọ́ iṣẹ́ oṣù nìyẹn. Medicare dé ní 1965 fún àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65. Láti 1983, Medicare ló ń sọ iye tí yóò san fún oríṣi àìsàn kọ̀ọ̀kan tó bá gbé ènìyàn dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn. Àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò aládàáni ń ṣe àdéhùn tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan, àṣírí sì ni wọ́n fi àdéhùn wọ̀nyí ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìwé tí gbogbo ìdúnàádúrà yìí ti ń bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní chargemaster. Ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì lè tó ẹgbẹẹgbàárùn-ún: abẹ́rẹ́, ìbọ̀wọ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, wákàtí kan nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Ìwọ̀nba ènìyàn ló ń san iye tó wà níbẹ̀ ní kíkún, torí àwọn tó lágbára ti ná an wálẹ̀. Akọ̀ròyìn Steven Brill tú u síta nínú ìwé ìròyìn Time lọ́dún 2013: ó rí ìwé owó kan tí wọ́n ti gba dọ́là kan ààbọ̀ lórí hóró oògùn ara ríro kan ṣoṣo, nígbà tí irú owó bẹ́ẹ̀ lè ra ọgọ́rùn-ún hóró lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣáájú rẹ̀, ní 2006, Uwe Reinhardt, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Princeton, ti ṣàlàyé bí ètò náà ṣe rí rúdurùdu tó. Ìwádìí iléeṣẹ́ RAND sì fi hàn pé lọ́dún 2022, níbi tí Medicare bá ti san 100 dọ́là, nǹkan bí 254 dọ́là ni àwọn adójútòfò aládàáni ń san. Ó ṣòro láti pe èyí ní ọjà, nígbà tí ẹni tó ń rà kò mọ iye, tí ara ríro kò sì jẹ́ kó lè rìn kúrò nídìí àtẹ.

Èyí tó burú jù ni ìwé owó òjijì. Aláìsàn lè fara balẹ̀ yan ilé ìwòsàn tó bá adójútòfò rẹ̀ ní àdéhùn, kí dókítà tó kùn ún lóorun fún iṣẹ́ abẹ má sì sí nínú àdéhùn náà. Òfin No Surprises Act, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2022, ti dá ọ̀pọ̀ jù lọ irú rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ó yọ ọkọ̀ áńbúláǹsì ojú títì sílẹ̀. Ẹni tó dákú kì í yan áńbúláǹsì, kò sì yẹ kí òfin fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Láti 2021, òfin ti ní kí ilé ìwòsàn gbé iye owó wọn síta, títí kan èyí tí wọ́n bá adójútòfò kọ̀ọ̀kan fẹnu kò sí, kí wọ́n sì to 300 iṣẹ́ lọ́nà tí ará ìlú lè lóye. Ìtanràn ìbẹ̀rẹ̀ kò ju 300 dọ́là lójúmọ́ lọ, ọ̀pọ̀ sì fojú fo òfin náà. Ọdún 2022 ni wọ́n gbé e dé 5,500 dọ́là lójúmọ́ fún àwọn ilé ìwòsàn ńlá. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n gbé síta ṣì jẹ́ fáìlì ràgàjì tó kún fún nọ́ńbà, tí kọ̀ǹpútà nìkan lè kà.

Kò pọn dandan kó rí bẹ́ẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Maryland, ìgbìmọ̀ ìjọba kan ti ń sọ iye tí ilé ìwòsàn lè gbà láti àwọn ọdún 1970, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n fún gbogbo ẹni tó ń sanwó. Ní Jàpáánù, ìwé iye owó kan ló wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń tún un yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ní tààrà. Ìyá tó wá sí Amẹ́ríkà láti bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun sábà máa ń wá láìní adójútòfò, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá sì ru lójijì, iye inú chargemaster ni wọn yóò kọ́kọ́ kọ sí i. Òfin 1986 ní kí ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀ka pàjáwìrì yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀, yálà ó lówó tàbí kò ní. Kò sọ pé ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin ìlera 2010 ní kí àwọn ilé ìwòsàn tí kì í ṣe ti èrè ní ètò ìrànwọ́ tó wà lákọsílẹ̀, kí wọ́n má sì gba ẹni tó bá yẹ fún un ju iye tí wọ́n sábà máa ń gbà lọ́wọ́ àwọn oní-adójútòfò lọ. Ó yẹ kí ọmọ béèrè fún fọ́ọ̀mù ètò ìrànwọ́ náà kí wọ́n tó san kọ́bọ̀. Fún ìtọ́jú tí wọ́n ti dá ọjọ́ sí, ẹni tí kò ní adójútòfò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba iye owó lákọsílẹ̀ ṣáájú. Bí owó tí wọ́n wá gbà bá fi 400 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá iye náà, ó ní ọjọ́ 120 láti ọjọ́ tó wà lórí ìwé owó náà láti pè é lẹ́jọ́ níwájú ìjọba.