Òǹkà ìyára fáànù kọ̀ǹpútà

Òǹkà ìyára fáànù kọ̀ǹpútà jẹ́ nọ́ńbà tí motherboard ń fi hàn láti sọ iye ìgbà tí fáànù kan ń yípo ní ìṣẹ́jú kan. RPM ni àgékúrú tí wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n yìí. Nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ènìyàn fúnra rẹ̀ tò, òǹkà yìí wà lára ẹ̀rí àkọ́kọ́ tó ń fi hàn bóyá afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí CPU bí ó ti yẹ. Síbẹ̀, òǹkà fáànù àti fáànù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Fáànù lè máa yí kí òǹkà rẹ̀ jẹ́ 0; òǹkà sì lè dára kí CPU máa gbóná kọjá ààlà. Nítorí náà, àyẹ̀wò tó péye gbọ́dọ̀ ya ìṣòro òǹkà sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣòro ìtutù.

Ìdí tí ìtutù fi ṣe pàtàkì

Iná mànàmáná tí CPU ń lò ń di ooru. Irin afàgbóná tí wọ́n ń pè ní heatsink, tí wọ́n fi alumíníọ̀mù tàbí bàbà ṣe, ló ń fa ooru yìí kúrò lára CPU, fáànù a sì fẹ́ ẹ dànù. Ọ̀pọ̀ CPU àtijọ́, bí irú Intel 80386, ń ṣiṣẹ́ láìsí fáànù. Láti ayé 80486, tó jáde ní 1989, ni irin afàgbóná àti fáànù ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́pọ̀.

Bí ooru bá dé ààlà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe CPU fi lélẹ̀, CPU yóò dín iṣẹ́ rẹ̀ kù láti dáàbò bo ara rẹ̀. Ààlà yìí jẹ́ 95 °C fún ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yà Ryzen 7000 ti AMD, ó sì jẹ́ 100 °C fún ọ̀pọ̀ Intel Core. Bí ooru bá tún pọ̀ sí i, kọ̀ǹpútà yóò kú lójijì, iṣẹ́ tí olùlò kò tíì fi pamọ́ a sì ṣòfò. Àwọn mìíràn máa ń rò pé RAM tàbí ẹ̀rọ agbéná ló bàjẹ́, wọn a sì ná owó lórí ohun tí kò ní àléébù.

Bí òǹkà ṣe ń wáyé

Nínú fáànù ni òòfà àti ẹ̀rọ kékeré kan wà, èyí tó ń mọ̀ nígbà tí òòfà bá kọjá níwájú rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ń lo ìlànà tí Edwin Hall ṣàwárí ní 1879. Fáànù kọ̀ǹpútà máa ń fi àmì iná méjì ránṣẹ́ fún ìyípo kọ̀ọ̀kan. Chip kan lórí motherboard, tí wọ́n ń pè ní Super I/O, ló ń ka àwọn àmì náà. Bí àmì 40 bá wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fáànù ti yípo nígbà 20 nìyẹn. Bí wọ́n bá fi 60 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò jẹ́ 1200 RPM. Bí ètò orí kọ̀ǹpútà bá ṣi iye àmì inú ìyípo kan kà sí ọ̀kan, òǹkà yóò di ìlọ́po méjì ìyára gidi.

Irú fáànù àti wáyà wọn

Fáànù oníwáyà méjì ní wáyà iná àti wáyà ilẹ̀ nìkan. Kò ní wáyà òǹkà, nítorí náà motherboard kò lè ka ìyára rẹ̀ rárá.

Fáànù oníwáyà mẹ́ta ní wáyà òǹkà gẹ́gẹ́ bí ìkẹta. Motherboard ń dín ìyára rẹ̀ kù nípa dídín fóltì 12 tó ń lọ sínú rẹ̀ kù. Ìlànà DC nìyí.

Fáànù oníwáyà mẹ́rin ń gba fóltì 12 láìdínkù. Wáyà kẹrin ló ń gbé àṣẹ PWM, ìyẹn àmì iná tó ń tàn tó sì ń kú léraléra. Ìlànà tí Intel gbé kalẹ̀ fi èyí sí ìgbà 25,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó ga ju ohùn tí etí ènìyàn lè gbọ́ lọ.

Bí wọ́n bá yan PWM fún fáànù oníwáyà mẹ́ta nínú BIOS, fáànù náà yóò máa sáré tagbáratagbára nígbà gbogbo, nítorí kò sí wáyà tí yóò fi gba àṣẹ. Bí wọ́n bá yan DC fún oníwáyà mẹ́rin, ó lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lè dúró bí fóltì bá kéré jù.

Ohun tó ń fa òǹkà 0

Ohun àkọ́kọ́ ni pé fáànù lè gba iná tààrà láti ara ẹ̀rọ agbéná nípasẹ̀ ẹnu wáyà Molex. Fáànù yóò máa yí, ṣùgbọ́n wáyà òǹkà rẹ̀ kò dé motherboard.

Èkejì ni wáyà tó so fáànù méjì mọ́ ojú ìsopọ̀ kan. Irú wáyà yìí tó dára máa ń gbé òǹkà fáànù kan ṣoṣo, nítorí bí àmì méjèèjì bá dàpọ̀, òǹkà yóò di rúdurùdu. Fáànù kejì lè kú láìsí ìkìlọ̀ kankan.

Ẹ̀kẹta ni pé fáànù lè mọ̀ọ́mọ̀ dúró. Ọ̀pọ̀ káàdì àwòrán kì í yí fáànù wọn títí wọn yóò fi gbóná dé ìwọ̀n kan. Èyí kì í ṣe àléébù.

Ẹ̀kẹrin wà nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́. Chip bíi LM78 kò lè kà kọjá 255 nínú àkókò ìyípo kan. Bí ìpín rẹ̀ bá wà ní 2, fáànù tí ìyára rẹ̀ kò tó nǹkan bíi 2650 RPM yóò hàn bí 0. Bí wọ́n bá gbé ìpín náà sí 8, ó lè ka ìyára tó lọ sílẹ̀ dé nǹkan bíi 660 RPM.

Ẹ̀karùn-ún ni pé ètò tó ń ka òǹkà lè má mọ chip náà. Lórí Linux, lm-sensors nílò awakọ̀ tó bá chip mu, bíi nct6775 fún ọ̀pọ̀ chip Nuvoton àti it87 fún ti ITE. Lórí Windows, LibreHardwareMonitor ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Ìkẹfà ni pé fáànù lè ti dúró ní tòótọ́, bóyá nítorí wáyà tó há sí abẹ rẹ̀ tàbí nítorí pé ó ti gbó.

Ìkìlọ̀ «CPU Fan Error»

Ìkìlọ̀ yìí máa ń hàn nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn tí kò sì rí òǹkà tó tó lórí ojú ìsopọ̀ CPU_FAN. Ó wọ́pọ̀ tí wọ́n bá ki fáànù CPU sí ojú ìsopọ̀ mìíràn, tàbí tí wọ́n bá ń lo atutù olómi tí wáyà òǹkà rẹ̀ kò sí ní CPU_FAN. Bí ààlà ìsàlẹ̀ bá jẹ́ 600 RPM, fáànù ńlá tó ń yí ní 450 RPM yóò fa ìkìlọ̀ bí ó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó sàn láti dín ààlà náà kù ju láti pa ìkìlọ̀ rẹ́ pátápátá lọ, nítorí lọ́jọ́ tí fáànù bá kú ní tòótọ́, kò ní sí ohun tí yóò sọ fún olùlò.

Nígbà tí òǹkà bá dára tí ooru sì pọ̀

Àwọn ohun wọ̀nyí ló wọ́pọ̀: ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gbàgbé láti ṣí kúrò ní ìsàlẹ̀ irin afàgbóná, ìpara tí wọ́n ń pè ní thermal paste tó ti gbẹ tàbí tí kò kárí, síkúrù tí kò mú dọ́gba, àti fáànù tó kọjú sí ibi tí kò yẹ. Nínú ọ̀pọ̀ fáànù, afẹ́fẹ́ ń jáde ní ẹ̀yìn, níbi tí apá tó di mọ́tò mú wà. Fáànù iwájú gbọ́dọ̀ máa fa afẹ́fẹ́ wọlé, kí ti ẹ̀yìn àti ti òkè máa tì í jáde.

Fáànù kò lè mú CPU tutù ju yàrá tó wà lọ. Bí CPU bá dé 78 °C nínú yàrá 28 °C, iṣẹ́ kan náà nínú yàrá 35 °C yóò gbé e dé nǹkan bíi 85 °C. Eruku pẹ̀lú ń dí ihò afẹ́fẹ́. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àsìkò ọyẹ́ ni èyí ń le jù.

Ìlànà àyẹ̀wò

Ojú ni ó kọ́kọ́ yẹ kí ó rí i bóyá fáànù ń yí. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wo òǹkà inú BIOS, níbi tí ètò orí kọ̀ǹpútà kò ti lè dá sí i. Bí ó bá jẹ́ 0, kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà, kí wọ́n yọ wáyà iná, kí wọ́n sì pààrọ̀ ojú ìsopọ̀ fáànù náà pẹ̀lú ti fáànù mìíràn tí òǹkà rẹ̀ péye. Bí 0 bá tẹ̀ lé fáànù, fáànù tàbí wáyà rẹ̀ ló ní àléébù. Bí 0 bá dúró sí ojú ìsopọ̀, ojú ìsopọ̀ tàbí ètò BIOS rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá ń fẹ́ eruku kúrò, kí wọ́n di abẹ fáànù mú kí ó má bàa yí ju agbára rẹ̀ lọ.