Abala 28

Gbólóhùn òfin ni Abala 28 jẹ́, tí ìjọba Margaret Thatcher fi kún Òfin Ìjọba Ìbílẹ̀ ti Brítéènì ní ọdún 1988. Ó ka gbígbé ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin lárugẹ léèwọ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀, kò sì fẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kọ́ ọmọ pé ilé tí irú olólùfẹ́ bẹ́ẹ̀ dá sílẹ̀ jẹ́ ẹbí gidi. Lára ohun tó dá awuyewuye sílẹ̀ ni ìwé ọmọdé kan láti Denmark, nípa ọmọbìnrin tó ń gbé pẹ̀lú bàbá rẹ̀ àti ọkùnrin tí bàbá náà ń fẹ́.

Ilé ẹjọ́ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lábẹ́ òfin yìí rí. Ìbẹ̀rù ló ṣe iṣẹ́ tí adájọ́ kò ṣe. Ìjọba ìbílẹ̀ ni òfin náà ń bá wí, kì í ṣe olùkọ́. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ olùkọ́ panu mọ́ nígbà tí wọ́n ń fi ọmọ tó nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin bíi tirẹ̀ ṣẹ̀sín ní kíláàsì, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn nínú àwọn olùkọ́ sì ń fi ẹni tí wọ́n ń bá gbé pa mọ́.

Skọ́tíláǹdì fagi lé e ní 2000, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ní 2003. David Cameron, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Thatcher nígbà náà, tí kò fara mọ́ ìfagilé náà tẹ́lẹ̀, tọrọ àforíjì ní 2009. Òfin Ìdọ́gba ti 2010 wá dáàbò bo akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òbí kan ṣì wọ́de lórí ẹ̀kọ́ nípa irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Birmingham ní 2019.