Èjìká Àwọn Gbagyi

Láàárín àwọn òkè Ushafa, ní agbègbè Bwari, ni adágún Usuma wà. Odò ni wọ́n sé níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, kí Abuja, ìlú tuntun tí ìjọba ń kọ́, lè rí omi mu. Àwọn ará Abuja máa ń lọ gba atẹ́gùn níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, wọn a sì ṣe kòńgẹ́ ìyá kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà, ìdì igi ìdáná lórí èjìká rẹ̀, tí kò ru nǹkan kan sórí.

Gbagyi ni wọ́n. Gwari ni àwọn Hausa ń pè wọ́n, orúkọ yẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń gbé Abuja mọ̀. Àlàyé tí àwọn Gbagyi ń ṣe ni pé orí ni ọba ara, ẹnikẹ́ni kì í sì í di ẹrù ru ọba. Igi, omi, iṣu, èjìká ni gbogbo rẹ̀ ń gùn. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ Yorùbá létí, nítorí Yorùbá náà ń bọ orí, àwọn àgbà àtijọ́ a sì máa fi owó ẹyọ ṣe ilé orí lọ́ṣọ̀ọ́. Síbẹ̀, orí yẹn kan náà ni Yorùbá ń fi òṣùká sí, tó ń gbé ẹrù kà.

Kì í ṣe fún afẹ́ ni àwọn Gbagyi fi tẹ̀dó sórí òkè láyé ọjọ́un. Àwọn akónilẹ́rú ló ń lé wọn. Ibrahim Nagwamatse, Emir Kontagora, kò dẹ́kun kíkó wọn títí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi mú un ní 1902.

Iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin ló gbé orúkọ wọn dé òkè òkun. Ní Kwali ni wọ́n bí Ladi Kwali ní nǹkan bí ọdún 1925, obìnrin kan nínú ẹbí rẹ̀ ló sì kọ́ ọ ní ìkòkò mímọ. Kò sí ẹ̀rọ tó ń bá a yí amọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rìn yí ìkòkò ká, tó ń to amọ̀ gbọọrọ lé ara wọn, tó ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rí rogodo. Lẹ́yìn náà ni yóò ya alángbá, àkeekèé àti ọ̀nì sí i lára. Suleiman Barau, Emir Suleja, rà lára àwọn ìkòkò rẹ̀ sí ààfin. Ibẹ̀ ni Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Ìlú Ọba, ti rí wọn. Ní 1954 ni Ladi wọ ilé ẹ̀kọ́ tí Cardew dá sílẹ̀ ní Suleja, ìlú tó ń jẹ́ Abuja nígbà náà, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Yunifásítì Ahmadu Bello fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1977. Ẹni tó bá yí náírà ogún sẹ́yìn yóò rí i nídìí ìkòkò.

Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akinola Aguda, ọmọ Yorùbá, ló yan ilẹ̀ àwọn Gbagyi fún olú ìlú tuntun Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, òfin ológun sọ nǹkan bí 8,000 kìlómítà níbùú lóòró di ti ìjọba àpapọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kó gbogbo onílé kúrò. Nígbà tí wọ́n rí iye tí yóò ná wọn, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ lè dúró.

Àwọn mìíràn náà wà tó di àṣà wọn mú: ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, àwọn Amish, ọmọlẹ́yìn Jakob Ammann tó ya kúrò lára àwọn ará ìjọ rẹ̀ ní 1693, ṣì ń fi ẹṣin fa ọkọ̀, àwọn àlejò sì ń wá wò wọ́n. Ṣùgbọ́n oko tí àwọn Amish ń ro, tiwọn ni. Àwọn Gbagyi pa àṣà mọ́, ilẹ̀ sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn ará Wuse lọ tẹ Sabon Wuse dó ní ìpínlẹ̀ Niger. Àwọn ará Maitama lọ sí Kubwa. Àwọn olówó ló ń gbé Wuse àti Maitama báyìí. Owó gbà-máà-bínú ilẹ̀ tí àwọn ìdílé kan ń bèèrè títí di òní, ẹ̀tọ́ wọn ni, ó sì ti pẹ́ jù tí ìjọba kò tíì san án.