Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Etí Omi ní Àgbádárìgì, àti Ohun tí Mo Kọ́ Yín Ṣì

Lónìí mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ rò fún yín, èmi fúnra mi sì ni wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ẹjọ́ náà dá lórí ilé kan tó wà létí omi ní Àgbádárìgì. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ilé náà nínú kíláàsì, bẹ́ẹ̀ mi ò fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí.

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ìtàn àkọtọ́ Yorùbá á rántí. Màá dúró níwájú pátákó, màá ní, "Inú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Àgbádárìgì ni Àjàyí Crowther ti túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá." Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín. Àwọn kan nínú yín tún kọ ọ́ nínú ìdánwò, mo sì fún wọn ní máàkì. Ó wá yé mi nísinsìnyí pé máàkì tí kò yẹ ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan, tí òun náà ti di olùkọ́, ló pè mí pé òun ń kó àwọn ọmọ kíláàsì òun lọ wo ilé náà, kí n bá àwọn lọ. Mo ní ó dáa. Mo gbéra ní Likosi ní àfẹ̀mọ́júmọ́, a gba Ògíjo já sí Ìkòròdú, a wọ Èkó, ká tó wá kọjú sí ọ̀nà Àgbádárìgì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà yẹn, ẹ mọ ohun tí ojú wa rí.

Láyé àwọn ìyá wa, ọ̀nà omi ni wọn ì bá gbà. Ìkòròdú ni ẹ̀bùté àwa ará Rẹ́mọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ń ru ẹrù oko dé, tí wọ́n á wọkọ̀ sọdá ọ̀sà lọ sí Ẹ̀bùté Èrò. Ẹni tó bá di ẹ̀bùté mú ló di ọjà mú, ìdí sì nìyẹn tí ogun fi ń jà lórí rẹ̀. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, àwọn ọmọ ogun tí Glover rán láti Èkó ló lé wọn lóṣù kẹta ọdún 1865. Omi tó wà ní Ìkòròdú yẹn náà ló ṣàn dé Èkó, tó sì tún gba ẹ̀gbẹ́ òkun lọ sí Àgbádárìgì títí dé Àjàṣẹ́. Bí mo ṣe jókòó nínú mọ́tò, tí gosiló mú wa, mo ń rò ó pé omi kan náà ni gbogbo wa jọ ń wò.

Ilé náà kò tóbi bí mo ṣe rò ó. Àjà kan ló ní lókè, àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ ti pákó, páànù ni wọ́n fi bò ó, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ọ̀sà. Kànga kan wà nínú ọgbà. Wọ́n ní òun ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ẹ jẹ́ n ṣe bí olùkọ́ díẹ̀ o. Láti inú upstairs tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe òkè ilé ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti wá. Ahọ́n Yorùbá kì í gbà kí kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta tò léra wọn. Ó ju ọ̀kan nù, ó fi fáwẹ̀lì la àárín àwọn tó kù, ó wá fi fáwẹ̀lì kan dé e nígbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti fi hàn wá pé àlejò ló kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ fún wa.

Àlejò náà ni Charles Andrew Gollmer, ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọ CMS. Ó dé Àgbádárìgì lóṣù kìíní ọdún 1845, òun àti Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther. Wọ́n máa ń sọ pé ọdún 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé náà lélẹ̀, pé ọdún 1845 ni wọ́n parí rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ wo 1842 yẹn dáadáa. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Townsend nìkan ló fojú kan Àgbádárìgì lọ́dún náà. Oṣù kejìlá ló dé, ó sì ń kọjá lọ sí Abẹ́òkúta ni. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ṣáájú rẹ̀ dé lóṣù kẹsàn-án. Ọdún tí ẹ̀sìn Kristi dé ìlú náà ni 1842. Ọdún tí àwọn tó kọ́ ilé yìí wá jókòó síbẹ̀ ni 1845.

A gòkè. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kó àwọn ọmọ jọ sínú yàrá tí wọ́n ní Àjàyí gbé, ó tún ohùn ṣe, ó wá ní, "Inú yàrá yìí ni wọ́n ti túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Prófẹ́sọ̀ tó kọ́ mi ló sọ ọ́ fún mi. Àwọn náà ló dúró yìí." Gbogbo ọmọ yíjú sí mi. Inú mi dùn, ká má parọ́.

Ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ wá nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọdún mélòó ni wọ́n fi gbé ibí?"

Olùkọ́ rẹ̀ ní ọdún kan àti ààbọ̀ ni, kí wọ́n tó lọ sí Abẹ́òkúta.

Ọmọ náà wo Bíbélì tí wọ́n pàtẹ síbẹ̀, ó wo bó ṣe nípọn tó. Ó ní, "Ṣé ó wá tó, sà?"

Olùkọ́ rẹ̀ wò mí. Èmi náà wò ó. Mo sọ fún ọmọ náà pé, "Ìbéèrè rẹ dáa, ọmọ mi. Kò tó."

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀ wàyí, bó ṣe yẹ kí n ti ṣe látọjọ́ yìí. Ọdún 1843 ni Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, lọ́dún tí wọ́n fi í joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Oṣù kìíní ọdún 1844 ló fi Yorùbá ṣe ìsìn ní Freetown. Ó ti ń ṣiṣẹ́ lórí èdè yìí kó tó fojú kan Àgbádárìgì nìyẹn. Ìwé Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù jáde lọ́dún 1850. Ìwé ọ̀rọ̀ àti gírámà rẹ̀ tó tóbi jáde lọ́dún 1852. Odindi Bíbélì kò sì pé títí di ọdún 1884. Ẹ yọ 1845 kúrò nínú 1884, ọdún mọ́kàndínlógójì ló kù. Láàárín ìgbà náà, Crowther ti gbé Abẹ́òkúta, ó ti gbé Èkó, ó ti di bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1864, ó sì ti lọ, ó ti bọ̀ lórí odò Ọya láìmọye ìgbà.

Kì í sì í ṣe òun nìkan ló ṣe é. Thomas King, ọmọ Ẹ̀gbá tó ti Sàró bọ̀ wálé, bá a ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ náà títí tó fi kú lọ́dún 1862. Àwọn míì náà fọwọ́ sí i. Nígbà tí mo ń sọ pé ẹnì kan, nínú ilé kan, ló ṣe é, mo ń pa orúkọ àwọn wọ̀nyí rẹ́ láìmọ̀. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló wá kù tí ilé náà fi yẹ ní wíwò? Ó kù púpọ̀. Kí ló dé tí wọ́n fi pẹ́ tó ọdún kan ààbọ̀ ní Àgbádárìgì? Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá, tó ti gba Townsend tọwọ́ tẹsẹ̀ lọ́dún 1843, ni wọ́n gbójú lé. Àfi bí wọ́n ṣe gúnlẹ̀ tí wọ́n gbọ́ pé ó ti kú. Ogun wà lójú ọ̀nà, wọ́n sì ní láti dúró. Ilé àwọn tó ń dúró de ọ̀nà ni ilé yẹn.

Ẹ wá ro ti Àjàyí nínú wọn. Lọ́dún 1821 ni ogun kó o ní Òṣogùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí wọ́n fi gbé e sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí ní Èkó. (Kì í ṣe Àgbádárìgì ni wọ́n ti gbé e lọ o, bí àwọn kan ṣe máa ń sọ.) Lóṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́tàlélógún kó tó tún padà wá máa gbé etí omi yìí, tó sì ń dúró pé kí ọ̀nà là. Kò mọ̀ pé ìyá òun ṣì wà láàyè. Oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni òun àti ìyá rẹ̀, Àfàlá, fojú kanra ní Abẹ́òkúta. Mo dúró lójú fèrèsé yẹn, mo wo omi, mo ronú nípa ẹni tó ń kó ọ̀rọ̀ èdè ìyá rẹ̀ jọ nígbà tí kò mọ̀ bóyá ìyá náà wà tàbí kò sí. Ìyẹn tó mi í wò.

Ọ̀rọ̀ kejì tún wà tí mi ò sọ rí nínú kíláàsì. Ilẹ̀ àwọn Ògù ni Àgbádárìgì, àwọn tí àwa Yorùbá ń pè ní Ẹ̀gùn. Èdè wọn kì í ṣe ẹ̀ka Yorùbá. Òun àti Fọ̀n ló jọ jẹ́ ìbátan. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa orúkọ ìlú náà ni pé oko ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Agbedeh ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ń pè é ní Agbedegreme, kí ẹnu tó yí i padà. Ilé tí a fi ń yangàn pé ibẹ̀ ni ìwé kíkọ Yorùbá ti rú yọ, orí ilẹ̀ elédè mìíràn ló wà. Níta, mo gbọ́ tí ìyá arúgbó kan ń fi Ògù bá ọmọ kékeré kan wí. Yorùbá ni ọmọ náà fi dá a lóhùn.

Ó rán mi létí ara mi. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá màmá mi ṣe ń sọ ọ́, olùkọ́ fi yíǹkì pupa fà á kọjá, ó ní èdè oko ni. Ọmọ Òṣogùn, ní ìhà Ọ̀yọ́, ni Crowther, Ọ̀yọ́ ló sì fi ṣe òpó ilé tó kọ́, kó tó fi ti Ẹ̀gbá àti tàwọn mìíràn kún un. Nígbà ìpàdé Èkó lọ́dún 1875, tí wọ́n jókòó lórí àkọtọ́, òpó yẹn náà ló dúró. Ìró gh, tó wà nínú oghó tí ọ̀pọ̀ ìlú ní ìlà-oòrùn gúúsù ilẹ̀ Yorùbá ń pe owó, kò ríbi wọ̀ nínú ìwé. Nínú ẹ̀ka èdè ìhà yẹn, tí àwọn onímọ̀ ka Ìjẹ̀bú mọ́, ẹ̀yin àti àwọn kì í ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá ní "àn án wá", ó lè jẹ́ pé ẹ wá, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n wá. Ìwé kò gbà á. Ilé ẹ̀kọ́ wá sọ ohun tí ìwé kò gbà di àṣìṣe.

Mi ò bá Crowther jà o. Láìsí ìwé kan tí gbogbo wa lè kà, mi ò bá má lè kọ èyí sí yín. Ẹni tó bá ń kọ́lé gbọ́dọ̀ mú òpó níbì kan. Àṣìṣe ni kí àwa tó bá ilé nílẹ̀ máa ṣe bí ẹni pé òpó yẹn nìkan ni igi tó wà nínú igbó. Gollmer pàápàá, àlejò tó kọ́ ilé náà, fetí sílẹ̀ débi pé ó kọ ìwé lórí àrokò wa, ọ̀nà tí à ń fi owó ẹyọ àti ìyẹ́ àti okùn ránṣẹ́ síra wa. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1885. Bí àlejò bá lè ka àrokò sí, kí ló dé tí àwa ò lè ka èdè ìyá àgbà wa sí?

Nígbà tí a ń bọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mi ní, "Sà, ẹ má bínú sí ọmọ yẹn." Mo ní kí ló máa bí mi nínú? Ohun tí mo sọ fún wọn láti ọjọ́ kìíní ni pé kí wọ́n máa bèèrè. Èmi ni mi ò bèèrè. Mo bá a nínú ìwé ẹlòmíràn, ó dùn létí, mo gbé e.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ìwé kíláàsì yín ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ fa ìlà sí gbólóhùn mi yẹn. Ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: Àjàyí Crowther gbé ilé yìí fún nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀, ó ń dúró kí ọ̀nà Abẹ́òkúta là, ìtumọ̀ Bíbélì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún díẹ̀ síra, ó gba ọ̀pọ̀ ọwọ́, ó sì parí lọ́dún 1884. Ẹ̀yin tí ẹ ti di olùkọ́, ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ṣì ní ìyá àgbà tó ń sọ Rẹ́mọ tàbí Ògù tàbí Oǹdó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ láyé àtijọ́, ẹ mú fóònù yín, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Èmi ò gba ti ìyá màmá mi sílẹ̀, èmi tí mo pe ara mi ní onímọ̀ èdè.

Ọmọ náà bi mí kó tó wọ mọ́tò pé ṣé òun lè tún padà wá bèèrè ìbéèrè mìíràn. Mo fún olùkọ́ rẹ̀ ní nọ́ńbà mi.