Bí A Ṣe Ń Rán Ẹ̀rọ Tí Kò Lójú Níṣẹ́

Ìlú Àkúrẹ́ ni wọ́n bí Philip Emeagwali, ọmọ Ígbò, sí ní ọdún 1954. Ní 1989, ó gba ẹ̀bùn Gordon Bell, tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn tó bá lo kọ̀ǹpútà alágbára lọ́nà àrà sí. Àwọn kan ń pè é ní baba íntánẹ́ẹ̀tì. Ìtàn kò ti ìyẹn lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn náà kì í ṣe àhesọ. Ẹ̀rọ tó fi ṣe ìṣirò rẹ̀ wà ní Los Alamos, ní ìpínlẹ̀ New Mexico, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà ní Michigan.

Ọ̀rọ̀ kíkọ tó láti fi pàṣẹ fún ẹ̀rọ tó jìnnà. Wàhálà dé nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ètò kọ̀ǹpútà tó jẹ́ pé, kí wọ́n tó lè gbé e kalẹ̀, yóò ṣí fèrèsé, yóò béèrè ìbéèrè, ẹni tó ń lò ó yóò sì máa tẹ bọ́tìnnì. Ètò Oracle tí wọ́n fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbajúmọ̀ fún èyí. Server inú yàrá títì kò sì ní ojú tí fèrèsé lè hàn sí.

Ní 1984, ní MIT ní Amẹ́ríkà, Bob Scheifler àti Jim Gettys bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ètò X. Ìlànà rẹ̀ ni pé iṣẹ́ lè máa lọ lórí ẹ̀rọ kan, kí àwòrán rẹ̀ máa hàn lójú ẹ̀rọ mìíràn. Ní 1995, Tatu Ylönen ará Finland ṣe SSH, èyí tó jẹ́ kí àwòrán náà lè gba ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ kọjá. Àléébù kan wà níbẹ̀: bí okùn bá já láàárín, iṣẹ́ náà kú pẹ̀lú rẹ̀.

Ní òpin àwọn ọdún 1990, VNC jáde láti Cambridge ní Ìlú Ọba. Pẹ̀lú rẹ̀, àwòrán lè dúró sórí server. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kàn ń wò ó láti òkèèrè. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ tó sì dé, yóò bá iṣẹ́ níbi tó dé. Xvfb tilẹ̀ ń ṣe ojú àdábọwọ́ tí kò sí ẹni tó ń rí i. Bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ọ̀nà kẹta ni pé kí wọ́n kọ gbogbo ìdáhùn sínú fáìlì kan ṣáájú, kí ètò náà kà á, kó má béèrè ohunkóhun mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Àkúrẹ́, níbi tí FUTA ti wà láti 1981, ó sì kan ìlú Ondo, ibùjókòó ilé ẹ̀kọ́ Adéyẹmí. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì mẹ́hẹ ní Nàìjíríà. Ẹni tó jókòó sí Ondo tí server rẹ̀ wà ní Àkúrẹ́ tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù kò gbọdọ̀ so ẹ̀mí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ okùn tó lè já nígbàkúgbà. Fáìlì ìdáhùn ni kó kọ́kọ́ lò. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, kó lo VNC. Inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ tí okùn rẹ̀ dára ni wọ́n ti ronú kan X. Ẹni tí okùn tirẹ̀ kò dára gbọ́dọ̀ fi ìyẹn sọ́kàn.