Newtown ní Johannesburg: Bí òfin ọkọ̀ akẹ́rù ṣe kúrò lórí ààbò owó rélùwéè bọ́ sórí ààbò ẹ̀mí

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 2022, nígbà tí àwọn èèyàn ń múra ọdún Kérésì lọ́wọ́, ọkọ̀ kan tó gbé gáàsì ìdáná há sábẹ́ afárá ojú irin kan nílùú Boksburg, ní apá ìlà oòrùn Johannesburg, lórílẹ̀èdè South Africa.

Ọkọ̀ náà ga ju àyè tó wà lábẹ́ afárá lọ. Gáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í jò, iná ṣẹ́ yọ, ọkọ̀ náà sì bú gbàmù nítòsí ilé ìwòsàn Tambo Memorial. Díẹ̀díẹ̀ ni iye àwọn tó kú ń lé sí i, títí tó fi di 41. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wà lára wọn.

Gíga ọkọ̀, ìwúwo ẹrù, gígùn tírélà: létí ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀rọ̀ ìṣirò lásán ni. Ṣùgbọ́n mítà díẹ̀ ló máa ń wà láàrin ọkọ̀ tó kọjá láyọ̀ àti èyí tó kó ìbànújẹ́ bá ìlú.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìjọba ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin de ọkọ̀ akẹ́rù, Newtown ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò kan ni ní àárín gbùngbùn Johannesburg, níbi tí kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà, ọkọ̀ ojú irin àti tírélà ti fi ipa sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àdúgbò àwọn tó ń ṣe bíríkì

Ọdún 1886 ni wọ́n rí wúrà ní agbègbè tó di Johannesburg. Láàrin ìgbà díẹ̀, àwọn tálákà tó jẹ́ ọmọ Boer kóra jọ sí ibi tí amọ̀ pọ̀ sí lápá ìwọ̀ oòrùn ìlú náà. Wọ́n ń mọ bíríkì, wọ́n ń sun ún, wọ́n sì ń fi kẹ̀kẹ́ kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Brickfields ni wọ́n ń pe ibẹ̀.

Ní 1904, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò tí àwọn ará India àti àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé nítòsí ibẹ̀. Mahatma Gandhi, tó jẹ́ agbẹjọ́rò ní Johannesburg nígbà náà, wà lára àwọn tó tọ́jú àwọn aláìsàn. Ìjọba kó àwọn olùgbé kúrò, àwọn panápaná sì dáná sun àdúgbò náà.

Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n tún ilẹ̀ náà pín, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Newtown. Ní 1913, wọ́n kọ́ ilé ọjà ńlá kan síbẹ̀, níbi tí ẹ̀fọ́, èso àti ọkà ti ń wọlé láti oko. Ọjà náà wà níbẹ̀ títí di 1974, kí wọ́n tó kó o lọ sí City Deep.

Ìgbà tí Kruger ti ẹsẹ̀ odò pa

Kí rélùwéè tó dé, kẹ̀kẹ́ ẹrù ló ń gbé gbogbo nǹkan wọ Johannesburg, títí kan ẹ̀rọ ìwakùsà. Màlúù 16 ni wọ́n sábà máa ń so mọ́ kẹ̀kẹ́ kan, ìrìnàjò láti etíkun sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ní 1890, ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ ní agbègbè náà bẹ̀rẹ̀ sí í ná Johannesburg sí Boksburg, ó ń kó èédú. Ní 1892, ojú irin tó ti Cape wá wọ ìlú náà. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń da kẹ̀kẹ́ ẹrù, àwọn kan nínú wọn sì di onībíríkì ní Brickfields.

Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ẹrù kò tíì kógbá sílé. Iléeṣẹ́ rélùwéè Transvaal, tí Ààrẹ Paul Kruger fọwọ́ sí, fi owó gọbọi kún owó ẹrù láti odò Vaal dé Johannesburg. Àwọn oníṣòwò wá ń já ẹrù wọn sílẹ̀ létí odò, wọ́n ń kó o sínú kẹ̀kẹ́, wọ́n sì ń gba ẹsẹ̀ odò níbi tí omi kò ti jìn kọjá.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1895, Kruger ti àwọn ẹsẹ̀ odò náà pa mọ́ ẹrù tó ń ti òkè òkun bọ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fárígá, ọ̀rọ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ogun. Ní oṣù Kọkànlá, Kruger ṣí ọ̀nà padà.

Ẹ kíyè sí ohun kan. Òfin yẹn kò bèèrè bóyá kẹ̀kẹ́ náà wúwo jù, tàbí bóyá ó lè pa èèyàn lọ́nà. Owó rélùwéè nìkan ló ń ṣọ́.

Òfin 1930: gba ìwé àṣẹ kí o tó gbé ẹrù

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, mọ́tò akẹ́rù gba ipò kẹ̀kẹ́. Ìjà náà sì tún bẹ̀rẹ̀.

Rélùwéè South Africa máa ń gba owó kékeré lórí èédú àti àgbàdo, ó sì máa ń gba owó ńlá lórí ọjà olówó iyebíye láti fi dí i. Ọjà olówó ńlá yìí gan-an ni àwọn onímọ́tò wá ń gbé ní owó pọ́ọ́kú. Ohun tí kò mú èrè wá ni wọ́n fi sílẹ̀ fún rélùwéè.

Ìdáhùn ìjọba ni òfin mọ́tò akẹ́rù àti akérò ti ọdún 1930. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi mọ́tò gbé ẹrù tàbí èrò gba owó ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ agbègbè. Bí rélùwéè bá ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà náà dáadáa, ó ṣòro kí wọ́n tó fún un.

Ó ju ọdún 50 lọ tí ìlànà yìí fi wà. Lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, aláwọ̀ dúdú tó fẹ́ ra mọ́tò ṣòwò ló máa ń kọ́kọ́ rí i pé ìwé àṣẹ kò rọrùn láti gbà.

Ọ̀rọ̀ náà kan ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà

Kì í ṣe South Africa nìkan. Ní Gold Coast, tó di Ghana lónìí, ìjọba amúnisìn ṣe òfin ní 1936 tó fòfin de gbígbé àwọn ẹrù kan ní ojú títì tó bá ojú irin rìn.

Ní Nàìjíríà, ìjà ìjọba amúnisìn àti àwọn onímọ́tò wà lára ohun tó kọ́kọ́ gbé orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jáde. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò ni nígbà náà, ó sì wà lára àwọn tó ṣáájú ìyanṣẹ́lódì wọn ní 1937, láti tako òfin tí wọ́n ní ó ń ni àwọn lára.

Ìgbà tí ọ̀nà ṣí sílẹ̀

Ní 1988, ìjọba South Africa fòpin sí ìlànà tó ń dáàbò bo rélùwéè. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ tó dára àti awakọ̀ tó kúnjú òṣùwọ̀n lè gbé ẹrù lọ síbi tó bá wù ú.

Ẹrù ya kúrò lórí irin, ó bọ́ sójú títì. Ìbéèrè tí ìjọba ń bèèrè náà yí padà. Tẹ́lẹ̀, “Ta ló fún ọ láṣẹ?” ni. Ní báyìí, ó di “Báwo ni ọkọ̀ rẹ ṣe wúwo tó, ta sì ni ó ń wà á?”

Òfin ìrìnnà ojú pópó ti ọdún 1996 àti àwọn ìlànà tó tẹ̀lé e dáhùn ìbéèrè náà pẹ̀lú iye:

- Ọkọ̀ àti ẹrù lápapọ̀ kò gbọdọ̀ ju kìlógíráàmù 56,000 lọ, ìyẹn tọ́ọ̀nù 56.
- Ọkọ̀ tó fa tírélà kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 22 lọ.
- Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju mítà 2.6 lọ, kò sì gbọdọ̀ ga ju mítà 4.3 lọ.
- Áàsì ẹ̀yìn kan tó ní táyà mẹ́rin kò gbọdọ̀ gbé ju tọ́ọ̀nù 9 lọ.
- Ọkọ̀ akẹ́rù tó bá ju tọ́ọ̀nù 9 lọ kò gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 80 láàrin wákàtí kan.
- Ẹni tó fẹ́ wa ọkọ̀ tó gbé ohun eléwu bíi epo àti gáàsì gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 25, kó sì ní ìwé àṣẹ àkànṣe.

Láti 2015, òfin tún na ọwọ́ sí ẹni tó ni ẹrù. Oníṣòwò ńlá tó di ẹrù ju agbára ọkọ̀ lọ kò lè fi gbogbo ẹ̀bi sọ́rùn awakọ̀ mọ́.

Kí ló dé tí ìwúwo fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀?

Láàrin 1958 sí 1960, àwọn ẹlẹ́rọ ní ìpínlẹ̀ Illinois, Amẹ́ríkà, fi ọkọ̀ akẹ́rù tẹ ojú títì kan léraléra láti mọ bó ṣe ń bàjẹ́.

Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ẹrù orí áàsì kan bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tó ń ṣe fún ojú títì kì í ṣe ìlọ́po méjì. Ó máa ń tó ìlọ́po 16.

Ìdí nìyẹn tí òfin fi ń ka ìwúwo orí áàsì kọ̀ọ̀kan, tí kì í wo àpapọ̀ nìkan. Èrè àpọ̀jù ẹrù ń bọ́ sí àpò ẹnì kan, gbogbo ìlú ló sì ń san owó àtúnṣe títì.

Ti búréèkì tún wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tó bá gbé ju agbára rẹ̀ lọ kì í tètè dúró, pàápàá ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ohun tó kàn wá nílé

Àwọn ará Èkó mọ ọ̀rọ̀ yìí dunjú. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2018, ọkọ̀ agbépo kan gbiná nítòsí afárá Ọ̀tẹ́dọlá. Èèyàn mẹ́sàn-án kú, ọkọ̀ tó lé ní 50 sì jóná. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2023, kọ̀ǹtéńà já bọ́ lórí ọkọ̀ èrò kan ní Ojúẹlẹ́gba, èèyàn mẹ́sàn-án ló tún bá a lọ.

Òfin kò ṣàì sí. Ọdún 1988, ọdún kan náà tí South Africa ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ọkọ̀ akẹ́rù, ni Nàìjíríà dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sílẹ̀. Benin àti Togo wà lábẹ́ ìlànà ìwúwo ọkọ̀ tí àjọ UEMOA ṣe ní 2005, àjọ ECOWAS náà sì ṣe tirẹ̀ ní 2012.

Ibi tí wàhálà wà ni òṣùwọ̀n tí kò ṣiṣẹ́, kọ̀ǹtéńà tí wọn kò fi irin dè mọ́ ọkọ̀, àti ọ̀gá tó ní kí awakọ̀ máa lọ bẹ́ẹ̀.

Boksburg náà fi hàn pé South Africa, pẹ̀lú gbogbo ìwé òfin rẹ̀, kò tíì bọ́ nínú ewu. Kò tó kí ọkọ̀ bá òdiwọ̀n ìjọba mu. Afárá tó wà níwájú ní òdiwọ̀n tirẹ̀. Òkèèrè la ti ń wo igi gogoro má gùn mí lójú.

Newtown lónìí

Ilé ọjà àtijọ́ ti di Market Theatre láti 1976, àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Museum Africa. Afárá Nelson Mandela, tí wọ́n ṣí ní 2003, gba orí ojú irin kọjá lọ sí Braamfontein. Ní etí àdúgbò náà, títì M1 wà lórí òpó, tí ọkọ̀ ń ré kọjá tọ̀sán tòru.

Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ lè rí ojú irin tí Kruger ti ẹsẹ̀ odò pa nítorí irú rẹ̀, kó sì tún máa gbọ́ ìró àwọn ọkọ̀ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láàrin méjèèjì, ó gba ìjọba ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí òfin tó kúrò lórí owó ẹrù, kó tó bọ́ sórí ẹ̀mí ẹni tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.